Ẹ Lọ Wò Ó Kí Ẹ Tó Dá a Lẹ́jọ́

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí wúwo díẹ̀ lọ́kàn wa, nítorí pé àwa tí à ń kọ ọ́ yìí ni ẹlẹ́bi àkọ́kọ́ nínú rẹ̀. Bí olùṣọ́-àgùntàn bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, tí ó sì dákẹ́ lé e, agbo ni yóò jìyà rẹ̀. A kò fẹ́ dákẹ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí àwọn òbí ti máa ń dá wa dúró lẹ́yìn ìsìn láti béèrè ìbéèrè kan náà. Wọ́n á ní: “Pásítọ̀, ọmọ wa ní òun fẹ́ lọ sí àpéjọ kan ní Erékùṣù. Wọ́n ń pè é ní Lagos Comic Con. Wọ́n ní àwọn ọmọ náà máa ń wọ aṣọ oríṣiríṣi, àwọn mìíràn a fi ìbòjú bojú, wọn a máa sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹ̀dá tí ń bẹ nínú ìràwọ̀. Ṣé kò sí ẹ̀mí òkùnkùn níbẹ̀?”

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, arákùnrin kan fi àwòrán àpéjọ náà hàn wá lórí fóònù rẹ̀. A rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó gbé ìbòjú irin wọ̀. A rí ọmọbìnrin kan tí ó kun gbogbo ojú rẹ̀ ní àwọ̀ aró. A kò béèrè ohunkóhun. A gun orí pẹpẹ, a yà kúrò nínú ìwàásù tí a ti múra sílẹ̀, a sì pè é ní egúngún ayé òde òní. A ní kí olúkúlùkù òbí lọ yẹ ilé rẹ̀ wò. Ìjọ ké àmín. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ KAN NÍ BÀRÍGÀ

Arákùnrin kan wà nínú ìjọ wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ṣómólú mọ̀ pé àdúgbò àwọn atẹ̀wé ni. Láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ariwo ẹ̀rọ ni. Kàlẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìròyìn àwọn ìjọ, ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Bàrígà ni arákùnrin wa yìí ń gbé, ó sì ti lé ní 20 ọdún tí ó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 19, ó ń retí àtiwọ yunifásítì nígbà náà. Láti kékeré ni ọmọ náà ti máa ń kó bébà tí ó bá ṣẹ́ kù nígbà tí bàbá rẹ̀ bá gé etí ìwé, a sì máa fi wọ́n ya àwòrán. Ní ọdún tí à ń wí yìí, ó fi ọ̀pọ̀ oṣù ya odidi ìwé ìtàn alááwòrán kan, irú èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì. Ojú ìwé 46 ni. Ó fẹ́ gbé e lọ sí àpéjọ náà kí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ lè bá a wò ó.

Nígbà tí bàbá rẹ̀ ti ìsìn dé ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, ó ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti wí. Ó yẹ ilé rẹ̀ wò. Ó rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ, ó sì rí àwòrán tí ó wà níwájú rẹ̀: ènìyàn kan tí ó fi ìbòjú bojú, tí nǹkan gígùn kan jáde ní ẹnu rẹ̀. Ó pariwo pé: “Egúngún rèé nínú ilé mi!” Ó fa ìwé náà ya ní ojúkojú ọmọ, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé èyí tí ó gbẹ̀yìn.

Ọmọ náà kò sunkún, kò sì fèsì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí bàbá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kò ní gbé e.

Ìyá rẹ̀ ni ó wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Bàbá, ẹ má bínú o. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí pẹpẹ ni ọkọ mi tẹ̀lé tí ó fi ya ìwé ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ọmọ mi padà.”

Ẹ̀yin ará, a ti ń wàásù bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a sì ti gba oríṣiríṣi ẹjọ́ ìdílé. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí dùn wá ju ọ̀pọ̀ wọn lọ, nítorí kò bínú sí wa rárá.

Àwa àti ìyàwó wa lọ sí Ìkòròdú. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí wa, ó gbé àga fún wa. A ní kí ó sọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà fún wa. Ó wọ inú yàrá, ó mú ojú ìwé méjì péré tí ìyá rẹ̀ bá a ṣà jáde. Ó ní: “Dádì, kì í ṣe egúngún. Ohun tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi ni.”

Ó wá sọ ìtàn náà. Ó ní Èkó ti 100 ọdún sí i ni òun ń yà. Omi ọ̀sà ti kún bo Bàrígà dé òrùlé ilé, àwọn ènìyàn ti lọ ń gbé lórí Afárá Third Mainland. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ atẹ̀wé, tí omi sì ti gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàbá náà. Bàbá ti darúgbó, ó ti di ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ni ọmọ bá ṣe ìbòjú, ó di mọ́ ojú, ó bẹ́ sí ọ̀sà láti lọ wá ẹ̀rọ bàbá rẹ̀.

Ìyàwó wa bú sẹ́kún. Ìwé tí bàbá fa ya, ìtàn bí ọmọ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó ni.

A ní kí ó dárí jì wá. A tún sọ fún un pé a ṣì ń bẹ̀rù àpéjọ yẹn síbẹ̀síbẹ̀. Ó dá wa lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé: “Dádì, ẹ má bínú. Ṣé ẹ ti dé ibẹ̀ rí?”

A kò rí nǹkan sọ. Ẹ rántí Natanaẹli nígbà tí wọ́n sọ fún un nípa ẹni tí ó ti Nasarẹti wá. Ó ti dá ìlú náà lẹ́bi kí ó tó gbọ́rọ̀ tán. Filipi kò bá a jiyàn, kò sì bá a jà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó ní kí ó tẹ̀lé òun kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. A ti fi Natanaẹli yìí wàásù láìmọye ìgbà. A kò mọ̀ pé àwa gan-an ni.

IRÚ ÀPÉJỌ WO NI?

Kí a tó lọ, a kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀.

Irú ìtàn kan wà tí wọ́n ń pè ní ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ń kọ ọ́ yóò bi ara rẹ̀ pé: bí ìmọ̀ ẹ̀dá bá tẹ̀ síwájú báyìí, tàbí bí ayé bá yí padà báyìí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn? Ní 1926, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hugo Gernsback, ọmọ Luxembourg tí ó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Bí àwọn òǹkàwé bá kọ lẹ́tà sí i, a máa tẹ lẹ́tà náà pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹni tí ó kọ ọ́. Àwọn òǹkàwé bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà sí ara wọn. Láti inú lẹ́tà ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́, láti inú ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti di ẹgbẹ́, láti inú ẹgbẹ́ ni àpéjọ ọdọọdún ti jáde.

Ní 1939, wọ́n ṣe èyí tí wọ́n pè ní ti gbogbo ayé ní New York. Nǹkan bí 200 ènìyàn ni ó wá. Àwọn méjì nínú wọn, Forrest Ackerman àti Myrtle Douglas, wọ aṣọ tí wọ́n rò pé àwọn ènìyàn ọjọ́ iwájú yóò máa wọ̀. Myrtle Douglas ni ó rán an. Ibẹ̀ ni àṣà mímúra bí ẹni inú ìtàn ti gbilẹ̀ nínú irú àpéjọ yìí. Nítorí náà, aṣọ ẹni inú ìwé ni ìbòjú tí à ń rí yìí, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń so irùngbọ̀n òwú mọ́ àgbọ̀n láti ṣe Mose nínú eré Kérésìmesì.

Ohun kan pa wá lẹ́rìn-ín nínú ìtàn àpéjọ ti 1939 yẹn. Àwọn olùdarí rẹ̀ dá ọkùnrin mẹ́fà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí ìjà tí ó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́. A sọ fún ìyàwó wa pé ẹgbẹ́ tí ènìyàn dá sílẹ̀ kò yàtọ̀ níbikíbi. Síbẹ̀, yàtọ̀ sí àkókò ogun, láti 1942 dé 1945, wọn kò dá àpéjọ náà dúró. Ní 2024, Glasgow ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni ó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìgba owó oṣù. Láti 1953 ni wọ́n sì ti ń fún àwọn òǹkọ̀wé ní ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Hugo pè. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ni ó ń dìbò yan ẹni tí yóò gbà á.

Ti Èkó wa ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni Ayodele Elegba ni ó dá Lagos Comic Con sílẹ̀ ní 2012. Oṣù kẹsàn-án ọdún ni ó sábà máa ń wáyé, ní Landmark tí ó wà ní Victoria Island sì ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún bí mélòó kan. Àwọn tí ń ya kọ́míìkì, àwọn tí ń ṣe fíìmù alááwòrán, àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà àti àwọn tí ó fẹ́ràn wọn ni ó máa ń pàdé níbẹ̀.

A LỌ WÒ Ó

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án pé, a sọ fún arákùnrin wa pé kí a jọ lọ. Ó kọ́kọ́ kọ̀. A ní: “Arákùnrin, àwa ni a tì yín sí i. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ fi ojú rí i. Bí ó bá jẹ́ egúngún ni, a ó jọ sá jáde.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbà. Ọmọ náà kò bá wa wọ ọkọ̀. Òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ti Ìkòròdú wá.

Nígbà tí a gun Afárá Third Mainland, bàbá yìí kọjú sí ojú fèrèsé ní ọwọ́ ọ̀tún níbi tí Bàrígà àti Akọka wà. Ó ń wo omi. Ìyá ọmọ ti sọ ìtàn inú ìwé náà fún un. Kò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé Erékùṣù.

Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́ kan ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀, àwọn kan ń darí èrò, àwọn kan fi káàdì orúkọ kọ́ ọrùn, àwọn kan ń ta oúnjẹ, àwọn kan ń ta ìwé. Bí ẹ bá yọ orin ìyìn kúrò, ẹ óò rò pé àpéjọ ọdọọdún ìjọ ni.

A rí ọmọkùnrin kan tí ó fi páálí ṣe ara bí ẹ̀rọ, tí ó kùn ún ní fàdákà. A bi í pé kí ni ó jẹ́. Ó ṣí ìbòjú rẹ̀, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ṣàlàyé ẹni tí ó jẹ́, ìlú tí ó ti wá, ìdí tí ọkàn rẹ̀ fi bàjẹ́. Ó sọ ọ́ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí ó parí, ó ní: “Ẹ ṣé sà. Nílé wa, wọn kì í béèrè.” A kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a rí ni ó dùn mọ́ wa. Aṣọ tí àwọn ọmọbìnrin mìíràn wọ̀ kò bo ara tó. Àwọn ìwé kan wà tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù nínú wọn, tí a kò ní fẹ́ kí ọmọ kékeré kà. Ariwo pọ̀. Ọmọ tí kò bá kó ara rẹ̀ níjàánu lè ná gbogbo owó ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí ẹbọ, a kò rí oògùn, ẹnikẹ́ni kò sì foríbalẹ̀ fún nǹkankan. Àwọn ọmọ ni a rí, tí wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ṣe han ara wọn.

Bàbá yìí káwọ́ sẹ́yìn, ó ń tẹ̀lé wa, kò fọwọ́ kan nǹkan. Ó ṣe díẹ̀, a dé ìdí tábìlì kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń ta kọ́míìkì tí ó fúnra rẹ̀ yà. Bàbá mú ọ̀kan. Ó ṣí i, ó gbé e súnmọ́ imú, ó wo ìdí ìwé níbi tí wọ́n ti dì í. Ó ní: “Ta ló tẹ èyí fún yín? Pínnì yìí kò wọlé dáadáa. Àwọ̀ yìí náà ti yọ́ kọjá ìlà rẹ̀, wọn kò to àwo rẹ̀ gún.”

A rò pé ọmọ náà yóò bínú. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fa àga fún un. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó. Àwọn atẹ̀wé kì í ṣàlàyé fún wa.”

Ó jókòó. Ó ṣàlàyé fún wọn pé àwọ̀ mẹ́rin ni a fi ń tẹ àwòrán aláràbarà: aró, pupa, ìyeyè àti dúdú, pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní àwo tirẹ̀, pé bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, gbogbo ojú tí a yà yóò dà bí ojú ẹni tí ó mutí yó. Ó sọ ìdí tí ẹgbẹ̀rún ìwé fi dín owó ju ọgọ́rùn-ún ìwé lọ bí a bá ṣírò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí péjọ. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, wọ́n ti yí i ká, àwọn kan ti mú gègé jáde, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí ó jókòó síbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ dúró lókèèrè, ó ń wò ó. Nígbà tí ó pẹ́, ó rìn wá, ó dúró sẹ́yìn àga bàbá rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀.

ÌTÀN IWIN KÒ ṢẸ̀ṢẸ̀ DÉ ILÉ WA

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, bàbá yìí bi wá léèrè pé: “Pásítọ̀, àwọn ẹ̀dá abàmì inú ìwé wọ̀nyí, ṣé wọ́n burú ju ti Fágúnwà lọ?” Ó ní nígbà tí òun wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà òun máa ń kà á fún wọn ní ọ̀sán Ẹtì, àwọn kì í sì í fẹ́ kí aago lù.

Òótọ́ ni ó sọ. Ní 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Tíṣà ni D. O. Fágúnwà, onígbàgbọ́ sì ni, ilé ìtẹ̀wé àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì CMS ni ó kọ́kọ́ tẹ ìwé náà jáde. Agbákò tí ó ní ojú 16 wà nínú rẹ̀. Àwa tí a kà á kò di abọ̀rìṣà nítorí rẹ̀. A kọ́ ìgboyà níbẹ̀, a kọ́ sùúrù, a sì kọ́ Yorùbá. Kí a tó mọ̀wé pàápàá, àwọn ìyá wa ti pa àlọ́ fún wa nípa Ìjàpá tí ó yá ìyẹ́ lọ sí ọ̀run.

Àwọn ọmọ wa ti gbé àṣà náà dé ibi tí a kò rò. Ní Abẹ́òkúta ní 2017, níbi àpéjọ ìwé Aké, ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde ẹ̀bùn Nommo, tí ó jẹ́ ti àwọn tí ń kọ irú ìtàn yìí ní Áfíríkà. Tade Thompson, ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, ni ó gba ti ìwé ìtàn gígùn pẹ̀lú Rosewater. Ìwé kan náà ni ó fi gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019. Nnedi Okorafor, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Igbo, gba ẹ̀bùn Hugo ní 2016. Ní 2024, àwọn ọ̀dọ́ ilé iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe fíìmù alááwòrán Iwájú, Èkó ọjọ́ iwájú ni ó sì dá lé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀kan tí ó dùn wá. Ìwé Nnedi Okorafor kan wà tí ń jẹ́ Lagoon, tí ó jáde ní 2014, nípa àwọn àlejò ojú ọ̀run tí ó sọ̀ sínú omi ní Bar Beach. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan wà nínú rẹ̀ tí kò ṣeé fi yangàn. Inú kọ́kọ́ bí wa. Ìgbà tí ó yá, a bi ara wa pé: níbo ni òǹkọ̀wé ti rí irú òjíṣẹ́ bẹ́ẹ̀? A rántí ara wa lórí pẹpẹ, tí a mú fóònù ẹlòmíràn lọ́wọ́, tí à ń dá ohun tí a kò rí lẹ́jọ́. A ti ìwé náà pa, a dákẹ́.

KÍ NI KÍ ÀWA ÒBÍ ṢE?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a gun orí pẹpẹ kan náà, a sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ. Àgbà ìjọ kan sọ fún wa lẹ́yìn ìsìn pé àforíjì bẹ́ẹ̀ lè mú kí àwọn ọmọ máa fojú di àgbà. A dá a lóhùn pé ohun tí ó ń mú wọn fojú di wá ni bí a ti ń ṣe bí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe.

Ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin òbí kò pọ̀.

Èkínní, ẹ béèrè kí ẹ tó bínú. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ẹ bá rí àwòrán tí kò yé yín lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ní kí ó jókòó kí ó ṣàlàyé rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìbá gba ìwé ọmọ yẹn là.

Èkejì, ẹ bá wọn lọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé òbí òun lè yọjú síbi tí òun wà yóò ṣọ́ aṣọ tí yóò wọ̀ àti ọ̀rẹ́ tí yóò yàn. Bí ẹ bá sì débẹ̀ tí ẹ rí ohun tí kò dára, ẹ óò lè tọ́ka sí i ní pàtó, ọmọ yóò sì gbọ́ yín, nítorí ó mọ̀ pé ẹ rí i. Òun ni ó jẹ́ kí a lè bá àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa sọ̀rọ̀ lórí aṣọ àti lórí ìwé ẹlẹ́jẹ̀ láìsí pé wọ́n ń rojú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe ba iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ jẹ́. Besaleli tí ó ṣe ọnà àgọ́ ìpàdé, Ọlọ́run ni ó fi ọgbọ́n ọnà sí i lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ṣi ẹ̀bùn lò, ẹ̀bùn náà kọ́ ni ẹ óò fà ya. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ìwé tí ó ti ya kì í lẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, kí àwa ìjọ bi ara wa léèrè: ọmọ tí ó rìn láti Bàrígà dé Victoria Island kí ẹnìkan lè tẹ́tí sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ṣé kò sí etí kankan ní Bàrígà ni?

Ẹ̀yin yóò fẹ́ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ṣe rí. Ọmọ náà padà sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí àpéjọ náà. Wọn kò dá ayẹyẹ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ bí a ti í bẹ ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú àwa ọkùnrin kò mọ̀ ọ́n. Ìyá rẹ̀ ni ó sọ fún wa pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ti ṣọ́ọ̀bù dé pẹ̀lú ìdì bébà tuntun lábẹ́ apá, kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn gígé. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú ọmọ. Ó ní:

“Ìwé yẹn, ojú ìwé mélòó ni tẹ́lẹ̀?”

Ọmọ ní: “46 ni, Dádì.”

Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ń ṣírò. Ó ní: “Ìwé oní-pínnì gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin. 46 kò ṣeé tẹ̀. Nígbà tí o bá ń tún un yà, sọ ọ́ di 48.”

Nígbà tí à ń kọ èyí, ó ti tún un yà dé ojú ìwé 19.

Kí Olúwa fún àwa òbí ní etí tí ń gbọ́ àti ẹsẹ̀ tí ń lọ wò. Kí ó má jẹ́ kí ahọ́n wa ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Ó dìgbà, ó di oṣù tí ń bọ̀. Àlàáfíà fún ilé yín.